Orúkọ Tí Fẹ́yìsetán Jẹ́ Lọ́jọ́ Alábẹ̀wò

Nítorí bàtà ni ariwo ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé Jákọ́bù lówùúrọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wá sí Ẹ̀bútè-Jọọlá. Bàtà dúdú ni, onígìgísẹ̀ kúkúrú, tí Tíṣà Moríkẹ́ fi sábẹ́ ibùsùn wọn nígbà tó wá kẹ́yìn. Fẹ́yìsetán, ọmọbìnrin Jákọ́bù, ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ pákó, bàtà sì ń dún kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó tóbi jù fún un. Rèbékà ìyá rẹ̀ ya àkísà, ó ká a róbótó, ó kúnlẹ̀, ó ń tì í bọ ibi tí ìka ẹsẹ̀ kò dé.

"Tún rìn kí n rí i," ni Rèbékà wí. "Bí gìgísẹ̀ rẹ bá ń yọ báyìí níwájú alábẹ̀wò, yóò mọ̀ pé bàtà oníbàtà ni."

Jákọ́bù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọ̀n rẹ̀ tẹ́ sórí itan. Kò gbójú sókè.

"Bàtà oníbàtà náà ni," ló wí.

"Bàbá Fẹ́yì, mo bẹ̀ yín. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán."

"Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ lajú."

Gbogbo ẹni tó bá gbé etí omi ló mọ bí ọ̀ràn yìí ti rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ará òkè ilẹ̀. Ìjọba gba Moríkẹ́ Olówòkéré sí iṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì gbé e wá sí Ẹ̀bútè-Jọọlá. Moríkẹ́ ń gbé Igbókọ̀dá, níbi tí iná wà, tí dókítà wà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé gidi. Ó wá Fẹ́yìsetán rí, ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí ìjọba kò gbà síṣẹ́, ó ní kó máa bá òun dúró ní kíláàsì. Lóṣooṣù, bí owó iṣẹ́ bá ti wọlé, Moríkẹ́ a bu díẹ̀ fún un. Ọ̀gá Ísákì, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, a ṣe bí ẹni tí kò rí i. Tíṣà Adelé ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tíṣà adelé pọ̀ létí omi ju tíṣà lọ.

Rédíò ló da ilé rú. Rédíò ní alábẹ̀wò ń bọ̀ káàkiri àwọn abúlé ojú omi, pé ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò bá bá tíṣà níbẹ̀, títì ni wọn yóò tì í, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa wa ọkọ̀ lọ sí Ugbónlá. Rédíò kan náà ló tún sọ pé kí alábẹ̀wò gba orúkọ àwọn tó ń kọ́ni láìsí lórí ìwé ìjọba, kí wọ́n lè rò wọ́n wò fún iṣẹ́. Rèbékà di ti àkọ́kọ́ mú. Jákọ́bù di ìkejì mú. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kò tíì jẹun tán kí wọ́n má jà.

"Ohun tí mo ń wí ò ju ẹyọ kan lọ," ni Jákọ́bù wí, ó ń fi eyín fa okùn àwọ̀n. "Bí ó bá bi í pé ta ni ọ́, kó dárúkọ tí mo sọ ọ́. Mo pe ènìyàn jọ, mo pa ẹran, mo sọ ọmọ mi ní Fẹ́yìsetán. N kò sọ ọ́ ní Moríkẹ́."

"Bí ó bá dárúkọ yẹn ńkọ́? Wọ́n á lé Moríkẹ́ dànù. Wọ́n á ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wọ inú ìkòkò yìí lóṣooṣù, ẹ sì mọ ibi tó ti ń wá. Ẹja tí ẹ pa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yan án, epo rọ̀bì ló ń kán sínú iná. Ta ló rà á?"

Jákọ́bù tẹjú mọ́ àwọ̀n. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ojú omi ti ń dán bí aṣọ àrán, tí àwọ̀n sì ń dúdú bí wọ́n ti ń fà á jáde.

"Wọ́n lè gbà mí síṣẹ́, Màmá," ni Fẹ́yìsetán wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Wọ́n *lè*," ni Rèbékà wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bàtà náà pẹ́pẹ́ kí ó lè jókòó. "Wọ́n lè ṣe afárá. Wọ́n lè gbé iná wá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti lè."

Fóònù Fẹ́yìsetán dún lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó mọ̀ pé Moríkẹ́ ni. Ó bọ́ bàtà, ó gbé e dání, ó rìn lórí afárá pákó tó so ilé pọ̀ mọ́ ilé lọ sí òpin ẹ̀bútè, níbi tí àgbá epo òfìfo kan wà. Orí àgbá yẹn nìkan ni nẹ́tíwọọ̀kì ti ń dúró. Ó gùn ún, ó pè é padà.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Ibo lẹ dé?"

"N kò tíì kúrò ní Igbókọ̀dá." Ohùn Moríkẹ́ ń já, ó ń so. "Kò sí bẹntiróò. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti tò síbi tí wọ́n ti ń tà á láti àná. Wọ́n tún ní koríko omi ti dí ojú ọ̀nà. Fẹ́yì, àfi kí o bá mi jẹ́ orúkọ mi."

Fẹ́yìsetán wo ọ̀nà òkun. Iná tí àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ń sun lójú òkun ń jó, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Iná náà ni wọ́n fi ń rí ọ̀nà ilé lálẹ́ ní Ẹ̀bútè-Jọọlá. Bẹntiróò tí wọn ó rọ sínú ẹ́ńjìnnì ni wọn kò rí.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́, Àǹtí."

"Alábẹ̀wò tuntun ni. Kò mọ̀ mí rí, kò sí àwòrán mi lọ́wọ́ rẹ̀. Gbọ́, tíṣà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í sáré. Bí ó bá wọlé, parí ọ̀rọ̀ tí ò ń sọ lọ́wọ́ kí o tó kí i. Àwọn tuntun ló ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti rí kóòtù. Bí àwọn ọmọ bá ń pariwo, má bá wọn pa á. Dákẹ́, kí o máa wo ẹyọ kan nínú wọn. Yóò ti àwọn yòókù lẹ́nu pa. Tí o bá ń nu pátákó, bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí eruku ṣọ́ọ̀kì má bọ́ sí ọ lójú. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fi ń dá àgbà tíṣà mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń nù ún."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń nù ún, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Nẹ́tíwọọ̀kì lọ díẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ohùn Moríkẹ́ ti rọ̀.

"Ìwọ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ báyìí, mo mọ̀. Èmi ò rí ọmọ kíláàsì yẹn ju bí a ti ń rí àlejò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi ni mo ń rò, Fẹ́yì. Má ba tèmi jẹ́ lónìí. Bí o bá bá mi ṣe é dáadáa, n kò ní gbàgbé." Ó mú ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Má sì rẹ́rìn-ín jù. Eyín rẹ funfun jù fún ẹni tó ti jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì fún ọdún mẹ́rìnlá."

Fẹ́yìsetán fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nẹ́tíwọọ̀kì lọ pátápátá.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àgbá, Ọmọ́yẹlé aládùúgbò wọn ti dúró sẹ́nu ilé rẹ̀, abọ́ ẹja lórí ìbàdí. Ọmọ́yẹlé kì í yọjú síta láìní ìdí, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sì ni ìdí rẹ̀.

"Tíṣà wa. Tàbí kí n máa pè ọ́ ní Ìyáàfin Olówòkéré láti àárọ̀ yìí?"

"Ẹ káàárọ̀, ìyá wa."

"Mo ti sọ fún Ọlọ́lá ọmọ mi. Mo ní bí wọ́n bá bi í pé kí lorúkọ tíṣà rẹ, kó ní Moríkẹ́. Ó ní, 'Màmá, ta ni Moríkẹ́?'" Ọmọ́yẹlé rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi ń mì lára rẹ̀. "Má bínú o. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí, gbogbo wa la wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá tì í, èmi ò ní fi ọmọ sínú ọkọ̀ lọ sí Ugbónlá láàárọ̀, kí n máa wo omi títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ kò ní ọmọ kékeré mọ́ ni ẹnu rẹ̀ ṣe gbóná."

Fẹ́yìsetán gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó padà wọlé. Rèbékà ti gbé ìkòkò marúgbó kaná, ọbẹ̀ dúdú náà ń hó pẹ̀lú ẹja àrọ̀ ńlá kan ṣoṣo tó kù nínú ilé. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní púpúrú wà nínú abọ́, wọ́n ti sẹ́ ẹ, omi gbígbóná ló ń dúró dè. Alábẹ̀wò ni wọ́n ń se é fún. Fẹ́yìsetán mu omi, ó wọ bàtà.

Jákọ́bù ti tú ọkọ̀ rẹ̀ lára òpó ilé. Ó dúró nínú rẹ̀, àjẹ̀ lọ́wọ́, orí rẹ̀ kò ga ju ilẹ̀ pákó lọ.

"Abẹ́ fèrèsé kíláàsì rẹ ni n ó wà," ló wí. "N kò ní sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ orúkọ tí o máa jẹ́ ni."

Ó ti ọkọ̀ kúrò.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní ìpẹ̀kun abúlé, lórí òpó bí ilé gbogbo, ó kọjú sí ibi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yìn fèrèsé kíláàsì kẹrin, òpó igi kan ló dá dúró sínú omi. Fẹ́yìsetán ti so okùn mọ́ ọn lára, ó ta kókó sí i ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀, ọmọ kan á fi òwú pupa sàmì sí ibi tí omi dé. Wọn á wá kọ ọ́ sójú pátákó: iye tó jẹ́ lánàá, iye tó jẹ́ lónìí, kí ni ó fi lé. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti mọ àyọkúrò, tí wọ́n ti mọ ìpín, tí wọ́n tún mọ ohun tí òṣùpá ń fi omi ṣe.

Ìdí ẹ̀kọ́ náà ni Fẹ́yìsetán wà nígbà tí ọkọ̀ alábẹ̀wò dún. Ugbónlá ni alábẹ̀wò sùn, koríko ọ̀nà Igbókọ̀dá kò sì dí i lọ́wọ́. Ó gun àkàsọ̀ wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè lorúkọ rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó tún wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn sórí rẹ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọ̀gá Ísákì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń nu ojú. Alábẹ̀wò wọ kíláàsì, ó gbọ́ tí omi ń gbá abẹ́ pákó, kò bọ́ ẹ̀wù náà.

Gbogbo ọmọ fẹ́ dìde. Fẹ́yìsetán gbé ọwọ́ díẹ̀, wọ́n padà jókòó.

"…nítorí náà, bí omi bá fi ìlàjì kókó gòkè láàárín àná sí òní, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, kókó mélòó ni yóò ti gùn?" Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ló wá yíjú. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kí bàbá yín."

Alábẹ̀wò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó ní kí wọ́n máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Fẹ́yìsetán bá a lọ. Ó nu pátákó láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn ọmọ méjì ń ti ara wọn lẹ́yìn. Ó dákẹ́, ó wo ẹyọ kan, gbogbo wọn dákẹ́. Ó rí i bí alábẹ̀wò ti ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí àga, tí ojú rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ pákó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òpó ẹ̀yìn fèrèsé. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó rí fìlà bàbá rẹ̀.

Alábẹ̀wò na ọwọ́ sí ọmọbìnrin kékeré tó wà níwájú. Ọlọ́lá ni, ọmọ Ọmọ́yẹlé.

"Ìwọ. Bí omi bá ń gòkè báyìí, nígbà wo ni yóò wọ inú kíláàsì yín?"

"Ó ti wọlé rí, sà," ni Ọlọ́lá wí. "A kàn gbé ẹsẹ̀ sókè ni."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ti ọkàn rẹ̀ wá. "Ta ló ń kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

Ọlọ́lá wo Fẹ́yìsetán. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi rán an ti bọ́ sọnù níbì kan.

"Tíṣà ni," ló wí.

"Tíṣà wo?"

"Tíṣà," ni gbogbo kíláàsì wí pọ̀, bí ẹni pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n wá.

Alábẹ̀wò dìde. Ó yíjú sí Fẹ́yìsetán, ó sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ tí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ ìjọba kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ̀yin ni Ìyáàfin Moríkẹ́ Olówòkéré?"

Ọ̀gá Ísákì húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ fèrèsé, ọkọ̀ Jákọ́bù fara kan òpó, ó dún gbì, ó dákẹ́. Fẹ́yìsetán wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkísà inú rẹ̀ ti ká jọ sábẹ́ ìka, ó ń fún un.

"Èmi ni, sà."

Ó gbọ́ àjẹ̀ tó wọ omi. Kò gbójú wo fèrèsé. Àjẹ̀ náà tún wọ omi lẹ́ẹ̀kejì, ó ti jìnnà díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, màdámù," ni alábẹ̀wò wí. "Ẹ kú iṣẹ́ gidi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ojú omi yìí, òpó àti pákó ni mò ń bá. Ọ̀gá, kí n má gbàgbé. Wọ́n ní kí n gba orúkọ ẹni yòówù tó bá ń kọ́ni níhìn-ín tí kò sí lórí ìwé ìjọba. Ṣé ẹ ní irú wọn? Ibí ni mo ti ń parí rẹ̀. N ó fi ránṣẹ́ lónìí."

Ọ̀gá Ísákì yára ju bó ti yẹ lọ. "Rárá o, sà. Àwa méjì náà ni, èmi àti Ìyáàfin."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

Fẹ́yìsetán mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ó ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màdámù, ẹ jẹ́ kí n fi inú kan sọ fún yín," ni alábẹ̀wò wí. "Irú yín kò yẹ kó máa jẹ̀rà síbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn tíṣà yòókù yóò máa lọ wò kọ́ iṣẹ́. Wọ́n fún mi láyè láti yan ẹni kan. Mo ti yàn yín. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí ẹ yọjú síbẹ̀."

"Sà." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ni yóò máa kọ́ àwọn wọ̀nyí?"

Alábẹ̀wò wo àwọn ọmọ náà, bí ẹni tó gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. "Wọn ò tíì ń gba tíṣà tuntun sí ojú omi. Ọ̀gá Ísákì yóò pa kíláàsì pọ̀ ná."

Kò dúró jẹun. Ó ní ìgbì omi kò jẹ́ kí inú òun dúró. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì dún, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ a máa yára lórí afárá pákó ju ẹsẹ̀ lọ. Kí Fẹ́yìsetán tó délé, Ọmọ́yẹlé ti jókòó nílé ìdáná wọn, òkèlè púpúrú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tú ẹja alábẹ̀wò kúrò lára egungun.

"A gbọ́ pé wọ́n gbé Moríkẹ́ ga," ló wí. "Ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Ayé yìí mà ń pa mí lẹ́rìn-ín o." Kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Ísákì ní òun nìkan ló máa kọ́ gbogbo kíláàsì. Ọkùnrin tó ń sùn lórí àga. Ó jọ pé Ugbónlá náà la ń lọ."

Rèbékà wà nídìí iná. Ó ń nu ẹnu ìkòkò tí kò dọ̀tí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó tún gbé e kúrò níwájú rẹ̀ bí ó ti wà. Jákọ́bù ti dé ṣáájú. Ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ran àwọ̀n tí kò ní ẹja kankan láti kó. Fẹ́yìsetán kí i kú ilé. Orí ló fi dá a lóhùn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Moríkẹ́ dé. Ọlọ́kọ̀ rẹ̀ rí bẹntiróò díẹ̀ ra nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n koríko ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ tú u. Aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. Wọ́n ti sọ fún un ní ẹ̀bútè. Ó wọlé, ó kí Jákọ́bù, ó kí Rèbékà, ó di ọwọ́ Fẹ́yìsetán mú méjèèjì, kò sì mọ ohun tí yóò fi ojú ara rẹ̀ ṣe. Ayọ̀ wà níbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti tì í wọlé.

"Fẹ́yì. Ọlọ́run ló rán ọ sí mi. Láti ìgbà tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé mi kúrò lójú omi yìí, wọn ò dá mi lóhùn rí."

"Ẹ kú oríire, Àǹtí."

"Ẹ jókòó, ẹ jẹun," ni Rèbékà wí. Ó fún un lóúnjẹ, nítorí àlejò ni. Moríkẹ́ jẹ òkèlè kan. Rèbékà dúró tì í. "Tíṣà, ohun tí ẹ ń fún un lóṣooṣù. Ṣé yóò ṣì máa wá?"

Moríkẹ́ wo inú ọbẹ̀. "Ìyá, níbi tí mò ń lọ, èmi fúnra mi ni n ó máa dúró níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọn ó máa wò mí."

Ìdí àwọ̀n ni a gbọ́ tí nǹkan já. Okùn ni. Jákọ́bù tún un so.

"Máa kọ ìwé sí wọn, má dákẹ́," ni Moríkẹ́ wí kíákíá fún Fẹ́yìsetán. "Bí wọn ò bá dáhùn, tún kọ. Lọ sí ọ́fíìsì wọn, jẹ́ kí wọ́n mọ ojú rẹ. Tíṣà tí wọn ò bá mọ ojú rẹ̀, wọn ò lè rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ṣe é."

"Alábẹ̀wò ti mọ ojú mi," ni Fẹ́yìsetán wí.

Moríkẹ́ gbé òkèlè tó mú dání padà sínú abọ́. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án.

"Òótọ́ ni. Ó mọ ojú rẹ." Ó ronú díẹ̀. "Ọ̀gá Ísákì ní n kò ní sí lábẹ́ alábẹ̀wò yẹn mọ́, ọ́fíìsì mìíràn ló ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ tuntun yẹn. Òun kọ́ ni yóò máa wá. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sí wọn pé tíṣà kan ń bọ̀ tó ní ẹ̀kọ́ òpó omi kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọn ó kó àwọn tíṣà yòókù wá wò mí. Fẹ́yì, n kò mọ ẹ̀kọ́ náà. Mo bẹ̀ ọ́. Kọ́ mi."

Ọmọ́yẹlé, tó ń fọ ọwọ́, fi ọwọ́ sílẹ̀ nínú omi.

Fẹ́yìsetán bọ́ bàtà. Ó fa àkísà jáde nínú ọ̀kan, ó fà á jáde nínú ìkejì, ó gbé bàtà náà síwájú ẹni tó ni ín. Ó lọ mú igi ìdáná kan àti okùn àwọ̀n, ó jókòó sílẹ̀ pákó níwájú Moríkẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó fi bí wọ́n ti ń ta kókó hàn án, ibi tí òwú pupa ń wà, ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tí àwọn ọmọ máa ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí Moríkẹ́ bá ṣì í, ó dá a padà sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó bá ń kọjá lójú omi á rò pé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni.

"Níbo ni n ó ti rí omi?" ni Moríkẹ́ bi í. "Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀."

"Ẹ wá ohun tó ń gòkè bọ̀ lábẹ́ àwọn ọmọ náà. Ohun tí wọ́n ń wò láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé. Bí kò bá sí, ẹ̀kọ́ náà ò ní wọ̀ wọ́n létí."

Moríkẹ́ mi orí. Ó ń fi ẹnu tún un sọ fún ara rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, ọlọ́kọ̀ pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú, pé bẹntiróò tó kù kò gba ìdúró. Moríkẹ́ dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

"Ẹ dúró ná, Àǹtí," ni Fẹ́yìsetán wí láti ibi tó jókòó sí. "Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n máa bi yín níwájú àwọn tíṣà yòókù, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ta ló ro ẹ̀kọ́ yìí jáde?"

Moríkẹ́ wo Rèbékà. Rèbékà wo iná. Moríkẹ́ wá wo ẹ̀yìn Jákọ́bù lẹ́nu ọ̀nà; ọwọ́ ọkùnrin náà ti dúró lórí àwọ̀n.

"Fẹ́yì."

"Ta ni, Àǹtí?"

Ohùn inú ni Moríkẹ́ fi wí i.

"Èmi ni."

"Ó tọ̀nà," ni Fẹ́yìsetán wí, bí ó ti ń wí i fún Ọlọ́lá àti àwọn yòókù láràárọ̀. "Ẹ jókòó."

Ọlọ́kọ̀ tún pè láti ìsàlẹ̀. Moríkẹ́ gbọ́ ọ, ó sì jókòó.